Ẹrù Ló Ń Ra Bàálù

Òkè òkun ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, ní ẹ̀ka ìṣúná ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bàálù ńlá kó ẹrù káàkiri ayé. Owó wíwá ni iṣẹ́ mi. Bí àwọn ọ̀gá bá ti jókòó, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi bàálù méjì kún èyí tó wà nílẹ̀, orí tábìlì tiwa lọ̀rọ̀ máa ń já sí: ibo lowó yóò ti wá, èlé mélòó ni wọn yóò gbà lórí rẹ̀, kí la máa fi dógò, ọdún mélòó la máa fi san án. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti padà sílé n'Ìbàdàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàálù kò jẹ́ n sinmi. Kò sí ìnáwó tí mo dé tí ẹnìkan kò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa bàálù akẹ́rù. Wọ́n ní owó wà níbẹ̀."

Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbèsè tó lè gbé ilé baba ẹni lọ náà wà níbẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ irú bàálù tí mò ń sọ. Boeing 737-800 tí wọ́n yọ ìjókòó inú rẹ̀ kúrò láti fi kẹ́rù, bíi tọ́ọ̀nù 23 ló ń gbé. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Boeing 777F ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 102. Boeing 747-400F tí wọ́n ṣe fún ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ ń gbé bíi 112. Àbúrò rẹ̀, 747-8F, lé ní 130. Tírélà tó ń ti Àpápá bọ̀ wá sí Ọ̀jọ́ọ̀ máa ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 30, nítorí náà ẹ ka tírélà mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin sínú bàálù kan ṣoṣo. 747 tún ní ohun tí àwọn yòókù kò ní: imú rẹ̀ ń ṣí sókè, wọ́n lè ti páìpù gígùn àti ẹ̀rọ ńláńlá ilé-iṣẹ́ epo gba iwájú wọlé. Èyí tí wọ́n sọ di akẹ́rù lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé èrò kì í ní ilẹ̀kùn imú yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà kó ẹrù sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń díyelé bàálù. Boeing kò sì ṣe 747 mọ́. Akẹ́rù ni èyí tó kẹ́yìn, Atlas Air, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ ní 31 oṣù Kìn-ín-ní, 2023.

Nínú gbogbo àwọn tó ti wá bá mi, Àlàájì kan ní Jẹ́ríkọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Tírélà ló fi là. Ọkọ̀ kan tó gbà ní hire purchase ló fi bẹ̀rẹ̀, kí Ọlọ́run tó sọ ọ́ di èyí tí gáréèjì rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ kò gbà mọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń rò ó láti dáwó pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tó fẹ́ wá 747-400F méjì kún iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ti ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà tilẹ̀ ti ń béèrè bóyá bàálù ọ̀hún lè balẹ̀ ní Alákíà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ti Ìkẹjà ṣe ná.

Ìṣirò ọmọ náà dùn ún wò. Ó kàwé, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Iye tí wọ́n ń gbà lórí kílò ẹrù kan lọ́dún 2021 ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó wá ń bu díẹ̀ lé e lọ́dọọdún títí dé ọdún kẹwàá. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ 2021 ló mú. Ó ní àkọsílẹ̀ ọdún yẹn ló pé jù lọ́wọ́ òun.

Mo ní kó jẹ́ n sọ ohun tó mú owó ọdún yẹn ga bẹ́ẹ̀. Kí kòrónà tó dé, ẹrù tí bàálù ń kó láyé, bí ìdajì rẹ̀ ló ń wọ abẹ́ bàálù èrò. Ẹ̀yin jókòó lókè, ẹ̀ ń jẹ ìrẹsì, fóònù àti oògùn wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí èrò kò fò mọ́ ní 2020, gbogbo àyè abẹ́ bàálù yẹn pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá ní bàálù akẹ́rù ló ń dá iye tó wù ú lé ẹrù. Ní 2021, ọkọ̀ ojú omi wá ń tò sí ẹnu èbúté fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó jẹ́ pé omi ni wọ́n máa ń gbà kó ẹrù tẹ́lẹ̀ náà sáré bọ́ sí ojú òfuurufú. Nígbà tó fi máa di 2023, èrò ti padà sínú bàálù, àyè abẹ́ ìjókòó ti padà, iye orí ẹrù sì ti já wálẹ̀. Ẹni tó bá gbé owó 2021 sọ́kàn láti fi san gbèsè ọdún mẹ́wàá, ọdún kejì ló máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1997, nígbà tí ọjà ń lọ geere, Atlas Air pàṣẹ 747-400F mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ni nígbà yẹn o, 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọjà ìwé ẹ̀yáwó l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú owó náà, bàálù gan-an ni wọ́n sì fi dógò. Lẹ́yìn náà ni ọjà dẹ̀, 2001 dé pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀, owó wíwọlé kò tó gbèsè mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2004 wọ́n sá wọ ilé-ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè, àwọn olówó tún àdéhùn wọn tò, wọ́n sì jáde ní oṣù Keje ọdún náà. Àwọn kan náà ló gba 747 tó kẹ́yìn láyé, nítorí náà n kò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé ìgbà tí owó bá wà lóde ni gbogbo èèyàn ń pàṣẹ bàálù, ìgbà tí bàálù bá sì fi máa dé, ọjà ti yí padà. Ní 2008 àti 2009 náà, mo rí 747 tí kò dàgbà rárá tí wọ́n ń tò sínú aṣálẹ̀ California àti Arizona, tí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú ẹ́ńjìnnì wọn. Owó oṣù gbèsè kò mọ̀ pé wọ́n wà ní aṣálẹ̀.

Kí wá ni èèyàn á fi ṣe ìṣirò, bí kò bá ní fi owó ọjà òní ṣe é? Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ tèmi gbà ń jẹun jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ACMI, tàbí wet lease. Ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn tó ní ẹrù àmọ́ tí bàálù rẹ̀ kò tó á wá bá wa. Àwa la máa mú bàálù wá, àwa la ni awakọ̀, àwa là ń tún un ṣe, àwa là ń san owó adójútòfò. Àwọn ni yóò ra epo, àwọn ni yóò san owó ìbalẹ̀, àwọn ni yóò wá ẹrù. Wákàtí tí bàálù bá lò ni wọ́n ń sanwó lé. Epo yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré: 747-400F ń mu bíi tọ́ọ̀nù 10 ní wákàtí kan. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé epo kúrò lọ́rùn rẹ̀, oorun tirẹ̀ ti yàtọ̀.

Ibi tí adùn ACMI wà ni iye wákàtí tó kéré jù tí oníbàárà gbọ́dọ̀ san lóṣù, bàálù ìbáà fò, ìbáà jókòó. Ìwé àdéhùn tí wákàtí yẹn wà nínú rẹ̀ ni mo máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé àwòrán bàálù ni wọ́n ń wò. Orúkọ oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí àdéhùn máa parí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ṣí ibi tí wọ́n kọ ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà jáwọ́ sí. Mo ti rí àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún tó jẹ́ pé oníbàárà lè fi oṣù mẹ́fà kìlọ̀ kó sì máa lọ. Inú àwọn ọ̀gá wa dùn sí ọdún márùn-ún. Olówó ka ìwé náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní àdéhùn oṣù mẹ́fà lòun rí.

Ohun tí mo sọ fún Àlàájì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó wà l'Ékòó ní àdéhùn ọdún méjì lọ́wọ́ pẹ̀lú oníbàárà kan. Gbèsè tí wọ́n fẹ́ jẹ, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fi san án. Ọdún mẹ́jọ tó kù yẹn, ta ló ni ín? Bí ẹ bá ń wá ibi tí ewu wà nínú ìwé yẹn, ẹ má wo èlé, ẹ má wo iye owó bàálù, àárín ọdún méjì àti ọdún mẹ́wàá yẹn ni kí ẹ máa wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá lágbára lè gbé e, torí ó ní oníbàárà mìíràn, ó ní bàálù mìíràn tó ti san tán tó ń pawó wọlé. Èyí tó jẹ́ pé bàálù kan ṣoṣo ló ní, tó wá fẹ́ di mẹ́ta lójijì, kò ní nǹkan kan lẹ́yìn tó máa mú un dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, lọ́ọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Ṣé orúkọ rẹ̀ kò sọ fún yín ni? Ẹrù ló kọ́ ọ." Ó sọ òótọ́. Kòkó ti wà lóko, àwọn àgbẹ̀ ti ń tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé náà tó dúró ní 1965.

Àlàájì kò tíì sọ̀rọ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń fà. Nígbà tó máa lanu, ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò ọmọ rẹ̀ rárá.

"Àbúrò mi, tó bá ti já ẹrù China sí Ìkẹjà tán, kí ló máa gbé padà?"

Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Dádì, a máa kó nǹkan Nàìjíríà lọ sókè òkun."

"Irú nǹkan wo? Tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ó ń gbé. Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀? Ta ló ti bá ọ sọ̀rọ̀ pé òun ní tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún?" Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín. Tírélà mi tó bá gbé ẹrù lọ sí Kánò, ẹ̀wà tàbí àlùbọ́sà ló máa gbé bọ̀ wá sí Bódìjà. Tí kò bá rí i gbé, epo àlọ àti epo àbọ̀, orí ẹrù àlọ ló máa wà, oníbàárà á sì ní owó mi ti pọ̀ jù, á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Àìrẹ́rù-bọ̀ ló pa àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀."

Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó kàwé títí tó fi sú wọn, tí wọ́n fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe ìpàdé kí wọ́n tó dé ibi tí Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹrù òfuurufú kì í dọ́gba lọ, dọ́gba bọ̀. China ń kó jáde ju bó ṣe ń gbà wọlé lọ, Nàìjíríà ń gbà wọlé ju bó ṣe ń kó jáde lọ. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dá ni pé wọn kì í gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá padà. Bàálù á kó ẹrù ilé-iṣẹ́ epo láti Yúróòpù wá sí Èkó, á já a sílẹ̀, á fò lófìfo tàbí pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ lọ sí Nairobi, á lọ kó òdòdó tí àwọn ará Kẹ́ńyà ń gbìn, á sì gbé e lọ sí Netherlands tàbí Belgium. Òdòdó ni o, èyí tí wọ́n ń fún ìyàwó wọn. Òun ló ń sanwó epo àbọ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti kó ẹrù Kẹ́ńyà lọ sí Yúróòpù kì í ṣe ti ẹni tó bá ní bàálù, ìjọba orílẹ̀-èdè síra wọn ló ń fọwọ́ sí i. Olówó tó bá mọṣẹ́ á ní kí ẹ mú ìwé rẹ̀ wá kó tó dáhùn. Ilé-iṣẹ́ Èkó kò ní in.

Ní ti bóyá kéèyàn rà á tàbí kó gbà á háyà, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Háyà tó jẹ́ bàálù lásán ni wọ́n kó fún ọ, tí ìwọ ń wá awakọ̀ fúnra rẹ, owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà sílẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé owó háyà oṣooṣù ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: owó àtúnṣe tún wà tí wọ́n ń san fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí bàálù bá fò, ti ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ti ẹsẹ̀ ìbalẹ̀ lọ́tọ̀, ti àyẹ̀wò ńlá lọ́tọ̀, ọwọ́ onílé bàálù ni wọ́n sì ń kó o sí. Bí ẹ bá fẹ́ rà, báǹkì kì í yá ni gbogbo owó rẹ̀, bí bàálù bá sì ṣe ń dàgbà sí i ni owó tí wọ́n fẹ́ yá ni ń kéré sí i, tí ọdún tí wọ́n fẹ́ fi gbà á padà ń kúrú sí i. Àwọn kan tún máa ń ta bàálù tiwọn fún olówó kí wọ́n sì gbà á padà ní háyà, kí owó lè dé sí wọn lọ́wọ́. Mo rí ilé-iṣẹ́ kan tó ta gbogbo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi wá kún un. Nígbà tí ọjà dẹ̀, kò ku nǹkan kan tó jẹ́ tiwọn tí wọ́n lè fi dógò.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ dáadáa ni ọ̀rọ̀ ìwé bàálù, torí pé bàálù tí wọ́n fẹ́ rà yẹn ti lo ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo rántí 747-400F kan tí a lọ wò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ó ń dán bí awo tuntun. Ẹnjiníà wa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, yàrá ìwé ló wọ̀. Páálí ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé, eruku sì ti bo èyí tó wà lókè. Nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn irin róbótó kan wà tó ń yí, tí wọ́n ti dá iye ìgbà tí bàálù lè gbéra kó sì balẹ̀ fún wọn. Bí iye yẹn bá ti pé, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ wọ́n dànù, wọn ì báà máa dán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan irin yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwé tó tò tẹ̀lé ara láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é: bàálù wo ló kọ́kọ́ wọ̀, ìgbà mélòó ló gbéra, ta ló yọ ọ́, ta ló tún un dè.

Ẹnjiníà yẹn jókòó sórí páálí kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà. Irin kan wà tí ìwé rẹ̀ já: ó kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ó fara hàn lọ́wọ́ òmíràn lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, kò sì sí ohun tó sọ ibi tó wà láàárín. Ẹni tó ń tà á ní òun máa wá a. Ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó ní ìwé náà ti kógbá wọlé. Wọn kò rí i. Irin náà lè má ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n láìsí ìwé, irin dànù ni. Olówó tó fẹ́ yá wa lówó yọ iye ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò nínú ìdógò lọ́jọ́ náà. Kò bá wa jiyàn, kò gbé ohùn sókè, ó kàn fi gègé fa ìlà sí i.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí 747 bá ti dàgbà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Mẹ́rin ló ní. Bí ó bá jẹ́ CF6-80C2 ni, irú ẹ́ńjìnnì yẹn wà lára 767 àti A300 pẹ̀lú, ẹni tó fẹ́ rà á kò ṣòro rí. Ara bàálù fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ dọ́là ni mo fi sẹ́yìn torí mo mọ̀ pé òun ni wọ́n máa fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta bàálù, dọ́là ni wọ́n fi ń san háyà rẹ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ká ní ẹnìkan jẹ gbèsè 20 mílíọ̀nù dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan ní bíi náírà 460. Bílíọ̀nù 9.2 náírà nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, dọ́là ti kọjá 1,500. Gbèsè kan náà, láìsí pé ó lọ yá kọ́bọ̀ kún un, ti di bílíọ̀nù 30. Bí àwọn oníbàárà yín bá jẹ́ oníṣòwò Aláàbà tó ń san náírà, ẹ̀yin lẹ máa ru ìyàtọ̀ yẹn. Kódà ẹni tó bá pa owó náà lè má rí i kó jáde: ní 2023, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, kígbe pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun tó há sí Nàìjíríà lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là.

"Ká yá náírà nígbà náà," ni ọmọ náà wí.

Èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá 2024, báǹkì tó máa yá yín lówó á sì gbé tirẹ̀ lé e lórí. N kò mọ bàálù tó ń pa èrè tó lè san irú èlé bẹ́ẹ̀. Ní 2010, Báǹkì Àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 300 náírà sọ́tọ̀ fún iná mànàmáná àti ọkọ̀ òfuurufú, èlé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 7 lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni bàálù lè gbé. Kò sí i nílẹ̀ mọ́.

Lọ́ọ́yà wa ló gbé ọ̀rọ̀ òfin kalẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dára. Nàìjíríà ti wọ Àdéhùn Cape Town láti 2003, èyí tó fún ẹni tó ni bàálù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e padà bí a kò bá san owó rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olówó bàálù lókè òkun ń kùn pé bí àwọn bá wá gbé bàálù àwọn, ẹni tó jẹ gbèsè á sáré lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ láti dá a dúró, bàálù á sì jókòó sínú òjò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde tó dí ojú ihò yẹn, máàkì tí Aviation Working Group, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe bàálù àti àwọn tó ń yáni lówó rà á, ń fún Nàìjíríà lórí bó ṣe ń tẹ̀lé àdéhùn yẹn sì fò láti 49 sí 70.5. Bí máàkì bá ṣe ga sí i ni ẹ̀rù ń kúrò lára olówó. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí bàálù tó wọlé rárá, wọ́n á ti fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní IDERA, ọwọ́ olówó ni yóò sì wà. Ọjọ́ tí owó bá wọ́, á mú un tọ NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, lọ, wọ́n á yọ orúkọ bàálù kúrò nínú ìwé Nàìjíríà, á sì fò lọ.

Àlàájì mi orí. "Ẹni tó fún mi ní tírélà àkọ́kọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Kò sí òru tí mo sùn tí n kò ní rò ó pé bóyá ó ti wá."

Wọn kò fi owó wọn sínú 747 méjì yẹn. N kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é o, ìbéèrè ni mo kọ sílẹ̀ fún wọn láti gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ Èkó, ilé-iṣẹ́ Èkó kò sì tíì rí gbogbo rẹ̀ dáhùn. Ọmọ náà ló wá mú àbá mìíràn wá, èyí tó dùn mọ́ mi nínú ju ìṣirò àkọ́kọ́ lọ: kí wọ́n kọ́kọ́ ra àyè sílẹ̀ nínú bàálù ẹlòmíì tó ti ń ná ọ̀nà Guangzhou sí Èkó, kí wọ́n rí i bóyá wọ́n lè kún àyè yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, kó tó di pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàálù tiwọn. Àkọsílẹ̀ ọdún kan yẹn ni olówó máa kà ní ọjọ́ iwájú.

Ó ti bá àwọn tó ń sin ẹja àti àwọn tó ń gbin ata àti ewébẹ̀ ní agbègbè wa sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tí bàálù máa gbé padà sókè òkun. Púpọ̀ wọn kò ní yàrá tútù, nítorí náà ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dúró sí ní báyìí. Ilé-iṣẹ́ bàálù kan ti ní òun lè fún wọn ní àyè tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kí wọ́n máa san án ní dọ́là, kí wọ́n sì san ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Àlàájì ní oṣù kan lòun máa san, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí wọn.